Ẹni Tó Ru Ọmọlangidi Kì Í Rí Ijó Rẹ̀

Bí wọ́n bá sọ fún alágídí pé, "Ẹni tó ru ọmọlangidi kì í rí ijó rẹ̀," àwọn tó wà níbẹ̀ a rẹ́rìn-ín, wọn a mi orí, wọn ò sì ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n béèrè. Ta ló yẹ kó rí ijó ju ẹni tó ń mú un jó lọ? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ìlú Ìdágbò, lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń jẹ́ Láṣebíkan.

Ní Ìdágbò, eléré kì í fi ọwọ́ mú ọmọlangidi ní gbangba. Wọ́n ń kàn wọ́n mọ́ orí ọpọ́n igi kan, eléré a gbé e lérí bí ẹni ru ẹrù, aṣọ a sì bò ó dé ẹsẹ̀. Okùn tó so mọ́ apá àwọn ọmọlangidi a gba ihò ọpọ́n wá sí ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ilẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀ nìkan ló ń rí. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa rìn níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́rẹ́. Bó bá mì ín lẹ́ẹ̀kan, kí eléré fa okùn ọ̀tún. Bó bá mì ín lẹ́ẹ̀mejì, kó fa ti òsì. Bó bá ń mì ín láìdáwọ́ dúró, kó dúró jẹ́ẹ́, nǹkan ti bàjẹ́ lókè.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Láṣebíkan, ló ń mi ṣẹ́kẹ́rẹ́ fún un. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti jọ ń ṣeré láìṣìnà.

Lọ́dún tí olórí eléré kú, Ìyálàṣẹ, ìyá arúgbó tí àṣẹ eré ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀, kéde pé ẹni tí eré rẹ̀ bá dùn jù lọ́jọ́ ọdún ni yóò jẹ oyè náà. Láṣebíkan ti ń fẹ́ oyè yìí láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó gbẹ́ ọmọlangidi méjì tuntun: ìyàwó tó ń gúnyán, àti ọkọ tó jókòó ti odó, tó ń jẹun. Okùn ọ̀tún ń gbé ọmọ odó, ti òsì ń gbé òkèlè lọ sẹ́nu ọkọ.

Bí wọ́n ṣe ń dánra wò lẹ́yìnkùlé, aládùúgbò kan yọjú lórí ọgbà. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ọwọ́ ẹ dáa o! Ìwọ gan-an lò ń mú wọn jó!"

Ọ̀rọ̀ náà ta Láṣebíkan bí agbọ́n. Ó bọ́ aṣọ eré sílẹ̀.

"Ta ló gbẹ́ ọmọlangidi yìí?"

"Ẹ̀yin ni, baálé mi."

"Ta ló so okùn rẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Kí wá ni tìrẹ níbẹ̀?"

"Ojú ni."

"Ojú kẹ̀! Iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo mọ̀ ọ́n lókùnkùn. Lọ́jọ́ ọdún, jókòó sílé, kí o máa bó ẹ̀gúsí."

Àwẹ̀ró gbé ṣẹ́kẹ́rẹ́ kọ́. "Ó dáa. Ẹ̀gúsí ò kúkú ní bínú pé mo ran òun lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ ọdún, bí Láṣebíkan ṣe ń gba abẹ́ igi ọ̀dán wọ ojú agbo, ẹ̀ka kan kọ́ fìlà ọmọlangidi ọkọ. Ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú, ó ki orí bọ odó. Láṣebíkan rò pé afẹ́fẹ́ ló mi ọpọ́n. Ó fa okùn ọ̀tún. Ọmọ odó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkọ: kó!

Ẹ̀rín bú láàárín agbo. 

"Ẹ gbà wá o! Ó ń gún ọkọ ẹ̀!"

Lábẹ́ aṣọ, ẹ̀rín nìkan ni Láṣebíkan gbọ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé oyè ti dé. Ó túbọ̀ ń fa okùn.

"Gún un!" ni àwọn obìnrin ń pariwo. "Gún un dáadáa, kókó ṣì wà nínú ẹ̀!"

Nígbà tó gún un lẹ́ẹ̀keje, ọrùn kán. Orí ọkọ já bọ́, ó yí gbirigbiri lọ sẹ́sẹ̀ Ìyálàṣẹ. Màmá he é, ó gbé e lé itan. Láṣebíkan fa okùn òsì. Ọkọ tí kò lórí gbé òkèlè, kò sì rí ibi tí yóò fi í sí.

"Kò lórí mọ́, ó ṣì ń wá oúnjẹ!" ni arúgbó obìnrin kan wí. "Ọkọ mi gẹ́lẹ́ ni!"

Ìgbà náà ni ṣẹ́kẹ́rẹ́ kan dún láàárín èrò, kò dáwọ́ dúró. Ọwọ́ Láṣebíkan dúró kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ìdí. Àwẹ̀ró ló dúró níbẹ̀, èèpo ẹ̀gúsí ṣì wà lára ìró rẹ̀.

Ìyálàṣẹ súnmọ́ eléré. "Láṣebíkan, o káre. Kí ni àwọn ọmọ ẹ ṣe lónìí?"

"Ìyá wa, ìyàwó gúnyán, ọkọ jẹ, ó yó. Gbogbo ìlú sì yọ̀."

"Ẹnu wo ló fi jẹ ẹ́?"

Màmá ti orí náà bọ abẹ́ aṣọ. Láṣebíkan fi ọwọ́ tọ imú rẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ ilà ojú rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lókùnkùn, gẹ́gẹ́ bó ṣe lérí.

Ó ní, "Ìyá wa, ẹni tó ru ọmọlangidi kì í rí ijó rẹ̀."

Oyè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Adéògún, eléré kan láti Òkè-Odò, ló jẹ ẹ́. Ọmọlangidi tirẹ̀ ò mọ̀ ju kó mi orí lọ, ṣùgbọ́n ó ní orí tó lè mì.

Nígbà tí wọ́n délé, Láṣebíkan fi ọwọ́ méjèèjì gba ṣẹ́kẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì dá a padà fún un. "Dákun, Àwẹ̀ró. Ojú ni tìrẹ. Mo gbà."

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbẹ́ òmíràn. Kí ọkọ máa gúnyán, kí ìyàwó jókòó jẹun."

Ó gbẹ́ ẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Àwẹ̀ró mi ṣẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ gúnyán. Ó tún mì ín lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan. Apá ń ro Láṣebíkan lábẹ́ aṣọ.

Ó sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Àwẹ̀ró, ṣé iyán ò tíì kúná ni?"

"Ó kù díẹ̀, baálé mi. Ẹ máa gún un."

Ó ń gún un. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ẹni tó ru ọmọlangidi kì í rí ijó rẹ̀.