Ìjàpá Gbé Ààlà Sínú Búùtù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ tún un dá. Ohùn yẹn kò jọ ti ẹni tó jẹ iyán lónìí.

Ààlọ̀ọ̀ọ̀!

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló dojú kọ ọ̀run, tó na ọwọ́, tó na ẹsẹ̀ sókè, tí kì í sì í ṣe pé ó ń gbàdúrà? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó dákẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí òun náà dákẹ́. Àlọ́ mi gbéra nílé, ó ré ààlà kọjá, ó wá já lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo lẹ́yìn.

Láyé ijọ́un, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń wa ọkọ̀, Ìjàpá ní mọ́tò kan. Mo pè é ní mọ́tò nítorí pé ó ní táyà mẹ́rin àti fèrè. Ohun tó kù lára rẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà.

Ìlú Òkè ni Ìjàpá ń gbé. Àwọn àna rẹ̀ wà ní ìlú Odò, lẹ́yìn ààlà. Ẹ má rò pé odi ni ààlà náà o. Pérégún kan ṣoṣo ni, tí àwọn baba ńlá wọn gbìn sẹ́bàá ọ̀nà, bí àgbẹ̀ ṣe ń gbìn ín sáàárín oko méjì. Òfin rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ibi tí pérégún bá wà, ibẹ̀ ni ààlà. Ajá ni aṣọ́bodè. Ó gbé àpótí ìjókòó sídìí pérégún, ó ń tẹ òǹtẹ̀ síwèé àwọn tó ń kọjá.

Ó wá ku ọ̀la kí wọ́n ṣe ìdána Àwẹ̀ró, àbúrò Yánníbo. Nínú ìdílé wọn, ẹ̀gbọ́n obìnrin ló ń ṣí igbá ìyàwó, ó sì gbọ́dọ̀ ṣí i kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí oòrùn bá yẹ̀ tí igbá ò ṣí, ẹbí ọkọ á di ẹrù wọn, wọ́n á máa lọ.

Yánníbo ní, "Bàbá wọn, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tí yóò wá fa mọ́tò yín yìí bó bá dákú lọ́nà. Bí Àwẹ̀ró bá sunkún lọ́la, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo máa kù sí."

"Mọ́tò tí mo fọ̀ lánàá?"

"Ẹ fọ̀ ọ́ ni. Ẹ ò wò ó sàn."

Ìjàpá náà kúkú fẹ́ débẹ̀. Agbọ̀n ọ̀jọ̀jọ̀ kan ni wọ́n máa ń gbé fún àgbà àna, ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó, lọ́jọ́ ìdána. Bí wọ́n bá pè é tí kò sí níjòókòó, ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé e fún. Ó bá jáde lọ bá àwọn tó ń fa ọkọ̀.

Ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ bá. Ẹfọ̀n ní, "Iṣu mẹ́fà. Bó dákú níhìn-ín, màá wá. Bó dákú lẹ́yìn ààlà, màá wá. Màá gbé yín dé ẹnu ọ̀nà àna yín."

"Iṣu mẹ́fà! Ṣé ìdána tèmi náà lẹ fẹ́ gbà ni?"

Ó kọjá sọ́dọ̀ Ìgbín. Ìgbín ní ọ̀fẹ́ ni tòun.

"Ibo lẹ̀ ń dé?"

"Gbogbo ilé ayé."

"Ìgbà wo lẹ máa ń dé?"

Ìgbín ronú títí. "Ìyẹn ò sí nínú àdéhùn."

Ìjàpá forúkọ sílẹ̀. Kì í kọ ohun ọ̀fẹ́.

Ó wá dé ọ̀dọ̀ Erin. Erin ní, "Iṣu méjì. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: pérégún ni mò ń dé. Bó o bá ti kọjá pérégún, mi ò mọ̀ ọ́ rí."

"Títí dé pérégún, Bàbá?"

"Títí dé ìdí ẹ̀."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí Ìjàpá tó gbọ́ òfin tó sì rẹ́rìn-ín, ẹ lọ gbé ìkòkò yín wọlé. Ó san iṣu méjì náà. Ọ̀kan ti rà.

Nígbà tó délé, Yánníbo bi í, "Ta lẹ bá ṣàdéhùn?"

"Erin."

"Ṣé Erin ń kọjá ààlà ni?"

"Erin ò ní í kọjá ààlà. Ààlà ló máa bá wa lọ."

Yánníbo dìde. Ó wọlé, ó lọ wá bàtà tó rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dé ìdí pérégún. Ajá tẹ òǹtẹ̀ fún Yánníbo, ó tẹ ọ̀kan fún Ìjàpá. Ìjàpá ju eegun kan sínú igbó. "Ọ̀gá Ajá, ohun kan kọjá lọ́hùn-ún o, kò sì ní ìwé." Ajá ní iṣẹ́ ìjọba ni, òun ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kó tó jẹ ẹ́ tán, Ìjàpá ti hú pérégún tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó ti tì í sínú búùtù, ó ti wakọ̀ lọ.

Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè tí ilé àna wà lórí rẹ̀. Mọ́tò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó mí kanlẹ̀. Ó kú.

Yánníbo wo oòrùn, ó bọ́ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ò ní dúró wo ọgbọ́n mi?"

"Màá gbọ́ ìròyìn ẹ̀." Ó gun òkè lọ. Oòrùn ku fẹ́ẹ́rẹ́ kó kan àtàrí nígbà tó ṣí igbá. Àwẹ̀ró kò sunkún.

Ìjàpá náà gbé pérégún, ó wọ́ ọ gun òkè, ó gbìn ín síwájú ilé àna, ó ku ìṣísẹ̀ méjì kó kan ìloro. Ó padà sídìí mọ́tò, ó tẹ Erin láago. Erin dé. Ó wo ọ̀nà, ó wo pérégún lókè.

"Ìjàpá, ọ̀nà yìí gùn ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ."

"Ìlú ń fẹ̀ sí i ni, Bàbá."

Erin kì í bá ìlú jà. Ó so okùn mọ́ mọ́tò. Ìjàpá jókòó sínú rẹ̀, ó dárin. Ẹ gbè é:

Erin o, okùn yi.
Fà á, fà á!
Pérégún ń bẹ lókè.
Fà á, fà á!
Ọ̀jọ̀jọ̀ ń bẹ nínú epo.
Fà á, fà á!
Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jóná.
Fà á, fà á!

Erin fà á dé ìdí pérégún, ó dúró, ó di okùn mú kí mọ́tò má baà yí padà. Ìjàpá bọ́ sílẹ̀, ó tún fìlà ṣe, ó gbé ẹsẹ̀ kan.

"Dúró ńbẹ̀."

Ajá ni. Ó ti ń gbóòórùn pérégún bọ̀ láti àárọ̀, àpótí lórí, òǹtẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé àpótí kalẹ̀, ó jókòó. "Ìwé dà?"

"Ọ̀gá Ajá, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀."

"Òǹtẹ̀ kan, orí kan, lóòjọ́. Láàárọ̀, o kọjá sí Odò. Nísinsìnyí o tún wà ní Òkè. Mi ò bi ọ́ bó o ṣe padà. Ó di ọ̀la."

"Ṣùgbọ́n pérégún yìí, èmi ni mo..." Ìjàpá gbé ìyókù mì.

Wọ́n ké láti inú ilé pé, "Àgbà àna dà?"

"Mo wà níwájú ilé!"

"Ní ìlú Òkè," ni Ajá bá a tún un ṣe.

Wọ́n gbé agbọ̀n náà fún Ẹfọ̀n, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àlejò kan tí ọkọ̀ rẹ̀ dákú lọ́nà wá.

Ojú Ìjàpá ṣókùnkùn. Bí Ajá ṣe yí imú sí òórùn epo, Ìjàpá hú pérégún, ó sáré yí sẹ́yìn mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbìn ín, kí òun lè bá ara òun ní Odò.

Erin bojú wẹ̀yìn. Ó rí pérégún lẹ́yìn mọ́tò. Ó ní, "Háà. Ọkọ̀ yìí ti kọjá. Mi ò mọ̀ ọ́ rí." Ó tú okùn sílẹ̀.

Mọ́tò yí wálẹ̀. Gbàà! Ó gbé Ìjàpá sókè, ó bá tirẹ̀ lọ sínú kòtò. Ìjàpá fi ẹ̀yìn balẹ̀ sídìí pérégún. Orí rẹ̀ wà ní Odò, ìrù rẹ̀ wà ní Òkè, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè.

"Ẹ gbà mí o!"

Erin ní, "Orí ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn." Ó ká okùn rẹ̀, ó lọ.

Ẹfọ̀n jáde, ọ̀jọ̀jọ̀ kún ẹ̀kẹ́.

"Bàbá Ẹfọ̀n, màá san iṣu méje!"

"Òjò ti pa ọ́ tán, o wá ń bèèrè agboòrùn." Ó wọlé padà.

Ìjàpá tẹ Ìgbín láago. Ìgbín ní, "Má mikàn. Mo ti gbéra."

Nígbà tí ìdána parí, Yánníbo jáde, ó ń nu epo lọ́wọ́.

"Bàbá wọn, ọgbọ́n náà dà?"

"Ó wà lábẹ́ mi."

"Ìhà wo ni kí n yí yín sí?"

Ìjàpá na ọrùn sí ìhà ọ̀jọ̀jọ̀. Yánníbo fi bàtà rẹ̀ tó rọ̀ yí i sí ìhà ilé wọn ní Òkè.

Ibi tí àlọ́ mi dákú sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí mọ́tò mi kú sójú ààlà. Mi ò kúkú ní mọ́tò. Ohun tó ṣe Ìjàpá lọ́jọ́ náà ló fà á tó fi jẹ́ pé, bí ìjàpá bá ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀ títí dòní, kò lè yí ara rẹ̀ padà; ẹni tí yóò wá ló ń retí. Bí ẹ bá bá a lójú ọ̀nà, ẹ yí i, ẹ má bi í ní ìlú rẹ̀.

Ìgbín ti gbéra. Ó ṣì ń bọ̀.