Alága Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Fa Pọ́ǹpù

Títí di òní ni ẹnu ṣì ń ya ará Agbọ̀nlé. Alága ìjọba ìbílẹ̀ já wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ aráàlú ní kọ̀ǹpútà, ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti yẹ pọ́ǹpù ìlú wò, wọ́n sì ti kọ èsì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà pé ọgbọ̀n ti gbẹ nínú ogójì pọ́ǹpù omi tí òun Alága gbẹ́ fún ìlú, ló bá jágbe mọ́ Ìyá Títíladé, aránṣọ tí kò tíì lo oṣù kan lẹ́nu ẹ̀kọ́, tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà: "Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di 'omi ń bẹ' kí n tó kúrò níbí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá ti gbọ̀ngàn yìí pa!" Ìyá kúnlẹ̀. "Kò le rárá, sà. Àmọ́ òfin kíláàsì wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ yí èsì padà ló máa fa pọ́ǹpù náà fúnra rẹ̀, ká sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Àkọ́kọ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn." Èrò ti pé jọ, Alága ò lè kọ̀. Ó ká apá agbádá, ó fà á títí òógùn fi bò ó, àfi fìrì, alángbá bẹ́ jáde lẹ́nu páìpù! "Háà!" ni gbogbo èrò ké. Ìyá ti padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, ó ń kà á sókè: "Pọ́ǹpù kìíní: alángbá. Ẹni tó fà á: Alága." Ó wá gbójú sókè pẹ̀lẹ́: "Ṣé ká máa lọ sí ìkejì, sà?"