Àkọ̀ Oníyàrá Méjì tí Ládépò Rán

Kò sí ẹni tí ó mọ awọ rán bíi Ládépò ní gbogbo agbègbè Òkè-Ọ̀pẹ. Bí ó bá rán àpò, omi kò ní í rí ibi wọ̀ ọ́. Bí ó bá rán bàtà, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbó. Ṣùgbọ́n ohun tí Ládépò fẹ́ rán pọ̀ jù lọ láyé rẹ̀ kì í ṣe awọ rárá. Ọmọkùnrin méjì ni ó bí, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì bí wọn fún un. Oyèdìran ni ẹ̀gbọ́n, Akínkúnmi ni àbúrò. Àwọn ìyá méjèèjì ti kú, ṣùgbọ́n ìjà orogún tí wọ́n jà kò bá wọn wọ ilẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ jogún rẹ̀ bí ẹni jogún oko.

Adẹ́mu ni àwọn méjèèjì, adẹ́mu kò sì lè fi ọ̀bẹ kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́. Ọ̀bẹ ńlá ni wọ́n fi ń gé imọ̀ kúrò lọ́nà, ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣí ojú ibi tí ẹmu yóò ti máa kán. Ládépò mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ó fi fún Oyèdìran ní ọ̀bẹ ńlá, tí ó sì fún Akínkúnmi ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó má baà sí èyí tí yóò lè sọ pé òun kò nílò èkejì. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó láti rán àkọ̀ kan tí yóò gba ọ̀bẹ méjèèjì.

Ó rẹ awọ màlúù sínú omi títí ó fi rọ̀, ó fi òrí pa ọ̀bẹ méjèèjì lára, ó sì wé awọ náà mọ́ wọn kí ó lè gbẹ mọ́ wọn lára. Ó fi awọ kan ṣoṣo dá àárín wọn bí ògiri. Ó fi òwú tí ó ti fa ìda sí lára rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá fi awọ ewúrẹ́ pupa bò ó níta. Nígbà tí ó parí, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni ó wí. "Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí ó máa kọjú sí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ojú mímú kò gbọdọ̀ kan awọ àárín láéláé. Ẹni tí ó bá ń gun ọ̀pẹ ni kí ó so ó mọ́ ìdí, kí ẹnì kejì dúró nílẹ̀ gba akèrègbè."

Oyèdìran fajú ro. "Baba, ẹ kúkú rán tèmi lọ́tọ̀. Kí ló dé tí ọ̀bẹ tèmi ò lè dá sùn?"

"Ọjọ́ tí mo bá rán àkọ̀ méjì, ilé mi di méjì nìyẹn. N kò ní í fi ọwọ́ ara mi rán irú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ìbá mọ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ọwọ́ Akínkúnmi dára lórí ọ̀pẹ. Bí àwọn oníbàárà bá dé, "Ẹmu Akínkúnmi dà?" ni wọ́n máa ń béèrè, lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jókòó síbẹ̀. Èyí a máa bí Oyèdìran nínú, kò sì ní í rí ẹni sọ fún. Ìgbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀bẹ rẹ̀ padà nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ kì í bọ àkọ̀. Ojú mímú ni ó ń kọ sí awọ àárín.

Akínkúnmi ni ó gbé àkọ̀ náà wá fún baba wọn. Ládépò ti ìka bọ inú rẹ̀, ó fi pa awọ àárín lára, ìka náà sì bọ́ sí ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gé. Kì í ṣe ẹni tí awọ lè purọ́ fún. Ó ránṣẹ́ pe Oyèdìran.

"Ta ló ń yí ojú ọ̀bẹ yìí padà?"

"Èmi ni," ni Oyèdìran dáhùn, kò tilẹ̀ wojú ilẹ̀. "Àkọ̀ lásán ni mò ń bà jẹ́, Baba. Tó bá bàjẹ́ tán, ẹ ó rán ti kálukú fún un."

"Ènìyàn ló ń gbé e gun òkè o, Oyèdìran."

"Ẹ̀ẹ́n, ta ni mo fọwọ́ kàn? Ṣebí awọ ni."

Ládépò gbé àkọ̀ náà lé orí itan. Ó yẹ kí ó pe àwọn àgbà ilé jọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Kò fẹ́ kí aráyé gbọ́ pé ilé Ládépò ti ya. Ó bu awọ mìíràn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ó gé, ó sì rán an. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó fi ẹnu tún ṣe, òòlu tí ó fi ń rán awọ ni ó fi tún un ṣe. Ó dá àkọ̀ padà fún wọn, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Oyèdìran kò jáwọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ládépò ń ha irun ara awọ lẹ́yìn ilé nígbà tí Oyèdìran sáré dé láìdé fìlà, tí ó ń mí gúlegúle.

"Àbúrò rẹ ńkọ́?" ni baba béèrè. Oyèdìran nawọ́ sí ọ̀nà oko. Ládépò ju awọ sílẹ̀.

Ìdí ọ̀pẹ ni wọ́n bá Akínkúnmi, ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Igbà, okùn tí ó fi gun ọ̀pẹ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó já sí méjì. Ládépò kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ láyà, kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ó pè é, ó tún un pè. Lẹ́yìn náà ni ó tú àkọ̀ kúrò ní ìdí rẹ̀, ó sì wò ó.

Gbogbo rẹ̀ yé e. Nígbà tí Akínkúnmi yọ ọ̀bẹ tirẹ̀ láti dá ẹmu, yàrá kan ṣófo nínú àkọ̀. Ọ̀bẹ ńlá tí ó ti jẹ awọ àárín tán kò rí ohun tí yóò dá a dúró mọ́. Ó ṣubú sínú yàrá tí ó ṣófo, ó la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde sí ibi tí igbà gbà kọjá. Bí ọmọ náà sì ti fi ara ti igbà lórí ọ̀pẹ, ó fi igbà lé ojú ọ̀bẹ.

Oyèdìran dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewéko. "Baba, n kò fẹ́ kí ó kú! Ọlọ́run ló mọ̀, àkọ̀ ni mo ní mò ń bà jẹ́!"

"Àkọ̀ wo?" ni Ládépò wí. "Níbo ni o rò pé ò ń gbé? Ilé tìrẹ ni o wó yìí, Oyèdìran. Ta ni yóò dúró nídìí ọ̀pẹ fún ọ báyìí? Ta ni yóò bá ọ sin èmi?"

Wọ́n sin Akínkúnmi. Kò sí adẹ́mu tí ó gbà láti bá Oyèdìran ṣiṣẹ́ mọ́. Kò sì sí ẹni tí ó ń dá gun ọ̀pẹ láìsí ẹni tí ó dúró nílẹ̀ dè é. Ìyàwó Oyèdìran kó ẹrù, ó padà sílé baba rẹ̀. Ládépò kò rán awọ mọ́ títí ó fi kú, ọ̀pọ̀ àlejò ni ó sì ń bá baba àti ọmọ nínú ilé náà tí wọ́n jókòó láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà, bí wọ́n bá rí ẹni tí ń fi ìbínú ba ohun tí ó bò ó láṣìírí jẹ́, fi ń pa á lówe pé ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.