Àálè Ẹnu Ọ̀nà Lánìhún

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àbí ẹ ò jẹun yó ni? Ẹ gbé ohùn sókè! Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé àdúgbò kan, ọlọ́rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Lánìhún. Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Àlàdé ni orúkọ rẹ̀.

Igi àgbálùmọ̀ kan wà lọ́nà odò. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Tọmọdé tàgbà ló ń ṣà á jẹ. Lọ́jọ́ kan, Lánìhún so ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa mọ́ ọn, ó pàálè sí i.

"Kí ló ń jẹ́ àálè, Ìyá àgbà?"

Àmì ni. Ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan náà, torí èpè wà nídìí ẹ̀. Jẹ́ n sọ̀rọ̀ jàre!

Ìgbín rí i, ó ní, "Ẹ wò ó o! Ìkarahun bàbá mi ni wọ́n fi ń lé mi nídìí oúnjẹ!"

Inú bí Àlàdé. Ó já àálè náà dànù lójú gbogbo ayé, ó wá ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló gbìn ín o?
*Òjò ló gbìn ín.*
Ta ló bomi rin ín o?
*Òjò ló gbìn ín.*
Bàbá mi dà níbẹ̀?
*Òjò ló gbìn ín.*

Lánìhún pariwo, "Ìwọ ọmọ yìí! Ta ni mò ń kó ọrọ̀ jọ fún?"

"Èmi ò bẹ̀ yín níṣẹ́ ẹ̀, Bàbá."

"Háà! Ó sọ bẹ́ẹ̀ sí bàbá ẹ̀?"

Ó sọ ọ́. Kẹ́nì kan má dán an wò nílé yìí o!

Wọ́n lé e jáde. Àwẹ̀ró náà ò bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó ní ọmọ tí ò mọyì ọrọ̀, kó lọ jìyà díẹ̀. Lánìhún he ìkarahun náà nílẹ̀, ó fi so àálè tuntun mọ́ igi, ó so òmíràn mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé. Ó ní, "Yàtọ̀ sí èmi àti Àwẹ̀ró, ẹni tó bá wọlé yìí, ikú ni yóò pa á!"

Àlàdé lọ ń gbé ní ahéré Ẹtu.

Kò pẹ́, àjà tí wọ́n kó apẹ̀rẹ̀ àgbálùmọ̀ kún já lulẹ̀, igi àjà sì tẹ Lánìhún mọ́lẹ̀ láyà. Àwẹ̀ró gbé e títí, kò mì. Ó figbe ta, "Ẹ gbà mí o!"

Gbogbo àdúgbò sáré dé, wọ́n dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́!"

Òbúkọ ní, "Ìyá Àlàdé, a rí àálè. Ẹ tú u."

"Ọwọ́ tó so ó ló ń tú u! Ẹni tó so ó ló wà lábẹ́ igi yìí!"

Ẹtu ti sáré lọ pe Àlàdé. Bó ṣe dé, Òbúkọ fà á láṣọ. "Torí tìẹ gan-an ni wọ́n ṣe so ó. Wàá kú o!"

Àlàdé ní, "Bàbá mi ló ń kú yìí." Ó já wọlé, ó gbé igi náà kúrò láyà bàbá ẹ̀.

"Ṣé ó kú, Ìyá àgbà?"

Gbogbo wọn ń wò ó. Kò kú. Ẹni tó wá gba ẹ̀mí là ni, èpè náà ò mú un. Lánìhún di ọwọ́ ọmọ ẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún. Ó ní kí wọ́n gbé òun dé ẹnu ọ̀nà. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ tú àálè náà. Ó tún ní kí wọ́n gbé òun dé ìdí àgbálùmọ̀, ó tú tibẹ̀ náà. Àlàdé dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ tó sọ. Ìgbín gba ìkarahun bàbá ẹ̀, ó gbé e lọ sílé.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá sé ọ̀nà mọ́ aráyé, ara ẹ̀ ló sé mọ́lé.

Ibi tí mo ti mú àlọ́ yìí náà ni mo dá a padà sí. Bí mo bá firọ́ kún un, kí ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu mi má gé ẹran ọdún yìí. Ó tó, ẹ ká ẹní.