Òkété àti Sípíríǹgì Tòkunbọ̀

Ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò gìrìrì, kò bà lé igi, kò bà lé òrùlé. Abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kan ló wọ̀ lọ, ibẹ̀ ló sì ti bá Òkété.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì péré ni Ẹlẹ́dàá fún Òkété, ohun tó sì ń dùn ún jù láyé nìyẹn. Bí ó bá rí ẹyìn tó pọ́n, á kì í bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, á kì í bọ tòsì, ojú rẹ̀ á wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn, kò sì ní sí àyè mọ́. Á wá dúró ti ìyókù, á máa wò ó, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹyìn pọ̀ lórí òkè kan débi pé ó ń já bọ́ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣà á, nítorí ibẹ̀ jìnnà, ọ̀nà rẹ̀ sì burú. Òkété fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kó ẹyìn sẹ́nu bọ̀. Kó tó délé, ebi ọ̀nà ti mú kó jẹ ẹ́ tán.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Òkété ń ṣe. Ó kéré, ó lè wọ abẹ́ ọkọ̀ láìdọ̀bálẹ̀, ìyẹn nìkan sì ti tó kí àwọn ẹranko máa pè é ní Ẹnjiníà. Ibi tó jókòó sí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń ro ọ̀rọ̀ ẹyìn yìí, tó rí Erin tó ń ti ọkọ̀ bọ̀.

Bàbá Erin ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ẹrù, iwájú rẹ̀ sì gba Erin, bí Erin bá lè yọ èjìká síta ní fèrèsé méjèèjì. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì rẹ̀ ti kú. Bí eṣinṣin bá bà lé e, á rọ̀ sílẹ̀. Bí Erin bá wọlé, ikùn ọkọ̀ á máa ha ilẹ̀, á máa ya poro lọ lójú títì, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kàn gbin ẹ̀wà sí i ni.

"Ẹnjiníà," Erin wí, ó ń mí hẹlẹ, "ìyá mi ni mo fẹ́ gbé. Ẹsẹ̀ wọn ò ṣe é rìn jìnnà mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mu lẹ́ẹ̀kan sí i nínú odò tí wọ́n bí àwọn sí létí. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ti dé, odò náà ń gbẹ lọ. Bó bá gbẹ tán, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀mí wọn á dúró de òjò mìíràn."

Ó tú ẹrù kan sílẹ̀. Sípíríǹgì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ojúlówó tòkunbọ̀, ó nípọn bí itan ẹfọ̀n, pẹ̀lú ṣọ́kì tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa jó lójú kòtò. Ọ̀rẹ́ wọn Lékeléke ló bá wọn gbé e bọ̀ láti òkè òkun. Ẹ má bi mí bí ẹyẹ ṣe gbé irin la òkun já. Ẹni tó bá bi mí, òun ni yóò pa àlọ́ tó kàn.

Òkété wo sípíríǹgì náà títí, ẹyìn ni ojú rẹ̀ ń rí.

"Bàbá," ó ní, "mo lè dè é lónìí. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni àwọn sípíríǹgì yìí dàgbà sí. Ọ̀nà tó tẹ́jú ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá pàdé kòtò tiwa lójijì, ẹ̀rù lè bà wọ́n."

"Ẹ̀rù ń ba irin?"

"Irin tòkunbọ̀ ni, Bàbá. Mo ní láti máa gbé ọkọ̀ jáde láràárọ̀ kí n fi ọ̀nà hàn wọ́n. Tẹ́ẹ̀sì là ń pè é. Bí mo bá dé, wọ́n á wá jókòó. Bí wọ́n bá sì ń jókòó lọ́wọ́, tí ọkọ̀ bá rọ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e sókè títí oòrùn á fi wọ̀. Òfin iṣẹ́ wa ni."

Erin lè fa ìrókò tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá ti ní òfin iṣẹ́ ni, àwọn tó lágbára jù ú lọ pàápàá a máa tẹríba. Ohun kan ṣoṣo ló bi í. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì rí mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn gba àlòkù rẹ̀ padà, kó lè dá a lójú pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́.

"Àwọn sípíríǹgì àtijọ́ ńkọ́? Ṣé kí n kó wọn lọ?"

"Bàbá, ta ni yóò wá kọ́ àlejò ní ọ̀nà ìlú? Ẹ fi àwọn àgbà sílẹ̀ tì wọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Erin nínú, nítorí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Kí a má parọ́ mọ́ Òkété, ó mọ iṣẹ́. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì, ó yọ àwọn sípíríǹgì àtijọ́ tó ti pẹlẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé. Ó ki àwọn tòkunbọ̀ bọ̀ ọ́, ó de ṣọ́kì, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó tún wọn ṣe títí ọkọ̀ fi dọ́gba. Ọkọ̀ náà ga sókè, ó ń wo igbó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Òkété gun orí ìjókòó, ó na igi kan sísàlẹ̀ láti máa fi tẹ bíréèkì, ó kọrí sí òkè ẹlẹ́yìn. Ó ṣa ẹyìn títí ẹyìn fi ga ju òun àti ọkọ̀ lọ. Sípíríǹgì náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹrù wà. Inú Òkété dùn, ó ń kọrin bọ̀, igbó sì ń bá a gbè é:

Ọkọ̀ mi ń sọ̀ kalẹ̀ — jìngbìnnì
Ó kẹ́yìn dání — jìngbìnnì
Kòtò ní kí n dúró — jìngbìnnì
Sípíríǹgì mi ò gbọ́ — jìngbìnnì

Ọ̀sán ló délé. Ó da ẹyìn sínú ihò rẹ̀, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó yọ àwọn sípíríǹgì tòkunbọ̀, ó fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó sì dá àwọn tó ti kú padà sáyè wọn. Nígbà tí Erin dé ní ìrọ̀lẹ́, tó gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lé ọkọ̀, ọkọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ rí i bí, Bàbá? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ni. Ẹ má gbé e sókè o. Ẹ ní sùúrù."

Erin ní sùúrù. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ní sùúrù. Lọ́jọ́ mìíràn, ó rí nǹkan pupa tó ń ṣàn lẹ́yìn ọkọ̀.

"Kí nìyí?"

"Epo ẹ́ńjìnì ni. Bí ọkọ̀ bá ti rí nǹkan òkè òkun jẹ, epo rẹ̀ a máa pọ́n."

Erin mi orí rẹ̀ ńlá, ó ní ọgbọ́n pọ̀ láyé.

Nínú ilé, ẹ̀mí Ẹmọ́, ìyàwó Òkété, kò balẹ̀. "Bàbá wọn," ó ní, "ẹyìn ti kún yàrá, ó ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orí ẹyìn làwọn ọmọ ń sùn, wọ́n ń yí bọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tó báyìí."

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré," Òkété wí. Bó ṣe wí lánàá nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Erin mú iṣu sísun wá fún un, ó dì í sínú ewé. "Ìyá mi ló fi ránṣẹ́ sí ọ. Wọ́n ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa mókè. Odò ti fà sílẹ̀ gan-an, Ẹnjiníà. Àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ní òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń hàn síta."

Ojú ti Òkété. Ó tì í gan-an, débi pé kò lè wo Erin lójú. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé lọ́la, òun á fi àwọn sípíríǹgì náà sílẹ̀ sáyè wọn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fẹ́ láti orí òkè, ó gbé òórùn ẹyìn wá, ìtìjú náà sì bá afẹ́fẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó ẹyìn bí ìṣe rẹ̀. Ó délé, ó da ẹrù, ó pààrọ̀ sípíríǹgì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa jáàkì kúrò, kò tíì jáde lábẹ́ ọkọ̀, nígbà tó rí ẹsẹ̀ ńlá mẹ́rin, ó tún rí ẹsẹ̀ ńlá mẹ́rin mìíràn, tó ti hunjọ, tó ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ bọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà," ohùn ìyá Erin wí lókè. "Mo ní kí n wá dúpẹ́ fúnra mi."

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, kí n..."

"Ọ̀nà jìn, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀."

Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ wálẹ̀ gbìì. Ara Òkété ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán, ìrù rẹ̀ ni kò tíì jáde.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ dìde. Ìrù mi wà lábẹ́ ẹ̀."

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Dídìde ló le fún mi báyìí. Bí mo bá ti jókòó síbì kan, mo máa ń pẹ́ níbẹ̀."

A kì í sì í fa àgbà dìde lórí ìjókòó. Òkété yíjú sí Erin. "Bàbá, ẹ gbà mí. Ẹ fi ọwọ́jà yín gbé ọkọ̀ yìí sókè díẹ̀."

Erin na ọwọ́jà rẹ̀ síwájú kíákíá, ó sì tún ká a kò. Ojú rẹ̀ kún fún àánú. "Ẹnjiníà, ṣé kì í ṣe pé ó ń jókòó lọ́wọ́ ni? O ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e títí oòrùn á fi wọ̀."

Òkété wo oòrùn. Àárín ọ̀run gan-an ló wà, kò sì jọ ẹni tó ń kánjú.

Ó kọ́kọ́ fara dà á, nítorí bó bá ní kò sí òfin bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á tú. Ó jẹ eyín pọ̀. Ó kọrin nínú. Ìrù náà ń ro ó bí ẹni tí oyin ta. Nígbà tó yá, kò lè fara dà á mọ́.

"Bàbá, kò sí òfin kankan. Irọ́ ni mo pa."

"Má gbọ́ tiẹ̀," ìyá Erin wí jẹ́ẹ́. "Ìrora ló ń mú un sọ bẹ́ẹ̀. Irú Ẹnjiníà yìí kọ́ ló máa purọ́ fún wa. Má gbé e, ọmọ mi."

"Màmá, irọ́ ni. Àwọn sípíríǹgì yín wà lábẹ́ ibùsùn mi. Àwọn tó ti kú ni mo máa ń dá padà bí Bàbá bá ń bọ̀. Ọkọ̀ yín ni mo fi ń kó ẹyìn. Ẹyìn náà wà nílé, ẹ lọ wò ó."

"Ó dáa tóo sọ ọ́ fúnra rẹ," ìyá wí. "Lékeléke máa ń bà lé ẹ̀yìn mi láti ṣa eégbọn. Ó ní òun rí ọkọ̀ ọmọ mi lórí òkè, ó ń fò bí ẹtu, ẹyìn kún un dé òkè, awakọ̀ sì ń kọrin. Ẹsẹ̀ mi ló ti kú. Etí mi ò tíì kú."

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé orí Erin, nítorí orí náà tóbi. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ó dé pátápátá. Kò pariwo. Ó dùn ún kọjá ariwo.

"Odò ń gbẹ," ó ní. "Láràárọ̀ ni ìyá mi ń bi mí bóyá omi ṣì kù. Mo ń sọ fún wọn pé Ẹnjiníà ń gbìyànjú. Ìwọ ń ṣa ẹyìn."

Ìrù ń dun Òkété, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn dùn ún jù ú lọ.

"A ó tẹ̀lé òfin rẹ," Erin wí, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Ìyá rẹ̀ toògbé lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀ tán, Erin fi ọwọ́jà gbé ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọkọ̀ kúrò lórí ìrù. Ẹmọ́ ló yí àwọn sípíríǹgì náà jáde, kò wo ojú ẹnì kankan. Òkété de gbogbo rẹ̀, nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ tẹ́ẹ̀sì lẹ́nu rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbéra. Gbogbo ẹyìn inú ihò náà ni wọ́n kó yí ìyá Erin ká, ó rọgbọ̀kú lé e, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Ọkọ̀ náà kò rọ̀ sílẹ̀ rárá. Òkété ń sáré tẹ̀lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú sípánà, bóyá nọ́ọ̀tì kan á tú. Bí ẹyìn bá já bọ́ lójú kòtò, á ṣà á, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì fi kún, àyè ò sì sí mọ́.

Omi tó kù nínú odò náà kò ju igbá kan lọ, ó dúró sáàárín òkúta méjì. Ìyá Erin fi ọwọ́jà fà á díẹ̀díẹ̀. Ó mu ún, ó fi ìyókù wẹ orí ọmọ rẹ̀. Omijé bọ́ lójú Erin, kò sì nù ún.

Ọkọ̀ àlọ́ mi ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí ìrù wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò padà débẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìrù òkété fi dúdú nídìí, tó funfun lẹ́nu, títí di òní. Ẹni tó bá ń ṣòfin fún ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ wo ibi tí ìrù òun wà. Bí ẹ bá sì gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì, tó ní òun fẹ́ gbé e jáde lọ tẹ́ẹ̀sì, ẹ ní kó yí ẹ̀yìn padà ná, kí ẹ rí ìrù rẹ̀.