Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìnkùlé Agboolé Jagun

Ní ìlú Òkè-Àfọ̀n, agboolé kan wà tí wọ́n ń pè ní agboolé Jagun. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ìfọ́nnu, ẹ jọ̀ọ́! Ọmọ wọn tí kò tíì ju ẹni tó ń rákòrò lọ, wọn á ti máa kì í ní ọmọ a-kọjú-sógun-má-kẹ̀yìn. Àṣà kan sì wà níbẹ̀ tí wọn kì í fi ṣeré. Ọkùnrin wọn tó bá ti ojú ogun dé, Baálé yóò dá a dúró lójúde, yóò sì bi í pé, "Ǹjẹ́ ogun rí ẹ̀yìn rẹ?" Bí kò bá rí i, ilẹ̀kùn iwájú ni yóò gbà wọlé. Bí ó bá rí i, ó di ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ewúrẹ́ ń gbà, kò sì ní bá àwọn ọkùnrin ilé jókòó mọ́.

Nínú agboolé yìí ni wọ́n bí Ògúndìran sí. Òun nìkan ni ọmọ-ọmọ tó kù fún Ìyá Àgbà Àwẹ̀ró, ìyá náà sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Nígbà ogun Hítílà, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí tó ti kàwé dáadáa lọ kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù ogun. Ọjọ́ tó ń lọ, gbogbo ilé kì í títí orí rẹ̀ fi wú. Bọ́mà lọ́hùn-ún, létí ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n rán an lọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní igbó? Igbó kìjikìji tí òòrùn kì í kan ilẹ̀ rẹ̀ ni Bọ́mà. Ogun náà kò sì rọgbọ. Àwọn ará Jàpáàní ń lé wọn láti pápá bàálù kan dé òmíràn, bàálù wọn sì ń dín kù bí ẹran inú ọbẹ̀ ilé ọlọ́mọ púpọ̀. Ọ̀gá wọn, òyìnbó kúkurú kan tó ń jẹ́ Bárẹ́ẹ̀tì, a máa kìlọ̀ fún wọn lárààárọ̀ pé, "Bàálù tiwọn fúyẹ́, kíá ló ń yí padà. Ẹ má bá wọn pòòyì o! Tiwa wúwo, ṣùgbọ́n bó bá ti dorí kodò, kò sí èyí tó lè lé e bá. Ẹ yìnbọn, kí ẹ dorí kodò, kí ẹ sá!"

"Ọ̀gá, nílé tiwa, a kì í sá," ni Ògúndìran máa ń dá a lóhùn.

"Nílé tiwa náà, a kì í fẹ́ kú lásán," ni Bárẹ́ẹ̀tì máa ń sọ, á sì mi orí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ògúndìran nìkan ló jáde lọ wo ibi tí ọ̀tá dé. Lójijì ni bàálù mẹ́ta yọ sí i láti inú ìkùukùu. Ó yìnbọn lu èyí tó ṣáájú, èéfín sọ lára rẹ̀, ó sì já wálẹ̀. Háà! Inú Ògúndìran dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀ sókè lójú ọ̀run: "Ọmọ a-kọjú-sógun-má-kẹ̀yìn!" Ó yí padà láti dojú kọ àwọn méjì tó kù. Kí bàálù rẹ̀ tó yí dé ìdajì, ìbọn wọn ti dá ihò sí apá bàálù náà. Ó tẹ ìbọn tirẹ̀, ó dákẹ́. Ọta ti tán.

Ọkàn rẹ̀ wá bi í pé, "Ògúndìran, bí o bá kú síbí, ta ni yóò sin Ìyá Àgbà?" Kò ki ara rẹ̀ mọ́. Ó dorí bàálù kodò, ó sì ré lọ fíìì! Ó fò kọjá lórí igi, ó tẹ̀ lé ojú odò, ó ń sá lọ láàárín igbó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀bọ fi ń bú u láti orí ẹ̀ka. Àwọn ọ̀tá wá a títí, wọn kò rí i. Nígbà tó balẹ̀, Bárẹ́ẹ̀tì dì mọ́ ọn, ó ní, "Ó ti kọ́gbọ́n!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó rántí ilé ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n pàdánù pápá náà, wọ́n pàdánù èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí Ògúndìran lọ sinmi nílé. Òkè-Àfọ̀n gbóná lọ́jọ́ tó dé! Wọ́n ń jó, wọ́n ń yọ̀. Ìgbà tó dé ojúde, Baálé Akínpẹ̀lú gbọ́wọ́ sókè, ijó sì dúró.

"Ògúndìran, ǹjẹ́ ogun rí ẹ̀yìn rẹ?"

Ó lè purọ́. Ta ní bá a dé ojú ọ̀run Bọ́mà? Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà Àwẹ̀ró ń wò ó, kò sì lè purọ́ lójú ìyá yìí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Baálé, ogun rí ẹ̀yìn mi. Ó rí i dáadáa."

Ìtìjú bò ó. Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó kọrí sí ọ̀nà ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ọkọ mi, dúró ná," ó ní fún un. Ó wá kọjú sí Baálé. "Ẹ̀yin Baálé, láti ìgbà tí mo ti wọlé yìí ní ìyàwó ni mo ti ń gbá ẹnu ilẹ̀kùn iwájú yìí. N kò rí jagunjagun kan tó gba ibẹ̀ wọlé rí. Àwọn tí kò sá, wọn ò dé! Igún ló jẹ wọ́n. Ta lẹ rò pé ó ṣí ẹ̀yìnkùlé fún bàbá yín, nígbà tó sá ogun dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ? Èmi ni! Ọkọ tó fẹ́ mi níyàwó ló tẹ̀ lé e, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n jókòó sójúde, wọ́n ní iwájú làwọn gbà wọlé nígbà tí gbogbo ayé lọ sóko. Ọdún yẹn ò yí po tí ìyá yín fi bí yín."

"Yéè, ìyá wa!" Baálé figbe ta.

"Ẹ má pè mí. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dúró síbí, ẹ fi ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìnkùlé hàn mí!"

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ìyàwó ilé kan ni kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín, Baálé náà sì rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó kọjá lára Ògúndìran, ó ní, "Ọmọ mi, èmi làgbà, jẹ́ kí n ṣíwájú." Ó gba ọ̀nà ewúrẹ́ wọlé, Ògúndìran tẹ̀ lé e, gbogbo agboolé sì tò lẹ́yìn wọn, wọ́n ń kọrin. Ìyá Àgbà ló di ilẹ̀kùn mú fún wọn, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ kú ewu ogun, ẹ kú àbọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Òkè-Àfọ̀n ti ń pa á lówe pé, akínkanjú tó mọ ìjà, tí kò mọ ìsá, ní ń bá ogun lọ.