Bí Látúnjí Ṣe Fi Itọ́ Mọ Ilé De Àna Rẹ̀

"Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o." Gbogbo yín lẹ ń pa á lówe, àbí mo parọ́? Ẹ ń pa á fún ọmọ, ẹ ń pa á fún àbúrò, àwọn kan tiẹ̀ ń pa á fún ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi itọ́ mọlé nínú yín? Kò sí. Èmi nìkan ni. Ìṣojú mi ló ṣe. Àwọn yòókù tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ti fi omi bo ojú wọn, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ má sì bi mí léèrè ọjọ́ orí mi.

Abúlé Ìdí-Ìgbá ló ti ṣẹlẹ̀. Ará ibẹ̀ ò fi ògiri ṣeré rárá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, wọ́n á rẹ amọ̀ pupa sínú omi èèpo igi irú títí á fi máa rùn, wọ́n á ha ara ògiri àtijọ́, wọ́n á rin ín lómi, wọ́n á dí gbogbo ibi tó là, kí wọ́n tó wá fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi òkúta odò fá a. Ògiri wọn dán débi pé bí eṣinṣin bá bà á, á yọ̀ ṣubú, á kán lẹ́sẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí omi jìnnà, ẹnì kan ò lè dá a pọn.

Wọ́n tún ní àṣà kan. Bí ọkùnrin bá fẹ́ fẹ́yàwó, bàbá ọmọ ò ní béèrè oko, kò ní béèrè ẹran ọ̀sìn. Á wọ aṣọ funfun wá láàárọ̀ kùtù, á fẹ̀yìn ti ògiri ọkọ ìyàwó níta gbangba. Bí ẹ̀yìn aṣọ bá funfun, ó fọmọ nìyẹn. Bí ó bá pọ́n, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Látúnjí fẹ́ Ìbídùn, ọmọ Oyèkàn. Ìfẹ́ náà pọ̀. Bí Ìbídùn bá kọjá, Látúnjí á máa bu iyọ̀ sínú ẹ̀kọ mímu. Àmọ́ ilé rẹ̀ ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ló ń rẹ́ ẹ lọ́dọọdún. Látìgbà tí ìyá ti kú, Látúnjí ò fọwọ́ kàn án mọ́. Ihò kan là sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ bímọ sínú rẹ̀, tí àyè ṣì ṣẹ́ kù fún àlejò. Ẹní ló ta bò ó.

Nígbà tó ku ọ̀la kí àna dé, Ọ̀kánlàwọ́n, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wá bá a.

"Látúnjí, jẹ́ ká pe àwọn ẹgbẹ́ wa, ká bá ọ pọnmi."

"Omi kí ni? Ògiri mi dán ju orí bàbá rẹ lọ!"

"Orí bàbá mi ò níhò tí ewúrẹ́ ń bímọ sí."

"Máa lọ ilé yín, jàre!"

Ọ̀kánlàwọ́n rẹ́rìn-ín lọ. Látúnjí wọlé, ó jókòó, ojú sì ń tì í. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ká ẹní yẹn kúrò, wọ́n á rí i pé òun ti jẹ́ kí ilé ìyá òun bà jẹ́. Ìyẹn ló ń dùn ún. Kò lè pe ọ̀wẹ̀. Omi inú ìkòkò rẹ̀ sì ti tán.

Ló bá kó yẹ̀pẹ̀ jọ, ó gún un kúnná. Ó rántí ọ̀yà sísun, itọ́ ṣàn. Ó rántí ọsàn wẹ́wẹ́, itọ́ ya bí odò. Ó ń tu ú, ó ń pò ó, ó ń fi dí ihò, ó ń fi rẹ́ ara ògiri. Kò ha á, kò rin ín. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ògiri ń dán yinrin, adìyẹ tò síbẹ̀, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Látúnjí sùn bí ọba.

Òjò ò rọ̀ mọ́jú. Ìrì lásán ló sẹ̀.

Láàárọ̀, Oyèkàn dé nínú aṣọ funfun, Ìbídùn gbé akèrègbè omi tẹ̀lé e. Gbogbo abúlé tú jáde. Látúnjí rí i tí ògiri ń làágùn, ó sáré dí àna rẹ̀ lọ́nà.

"Ẹ dákun, bàbá, ẹ jókòó ná, kí oòrùn yọ."

"Ṣé oòrùn la wá fọmọ fún ni?"

Oyèkàn yí ẹ̀yìn padà, ó fara tì í. Gbìràmù! Ògiri gbà á wọlé. Orí bàbá wà nínú yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta, aṣọ funfun di aṣọ alámọ̀. Ẹ̀rín sọ! Ọ̀kánlàwọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ igi.

Wọ́n fa bàbá jáde. "Látúnjí, omi wo lo fi po amọ̀ yìí?"

Látúnjí yanu, ohùn ò jáde. Ahọ́n rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, itọ́ ò kù síbẹ̀ tó lè fi sọ̀rọ̀. Ìbídùn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé akèrègbè fún un. Látúnjí mu omi náà.

"Itọ́ ni, bàbá. Ìyá mi ló ń rẹ́ ẹ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí bí mo ṣe jẹ́ kó bà jẹ́."

Oyèkàn gbọn amọ̀ lórí.

"Ọmọ mi, ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kì í ṣe òjò o. Ìrì! Kò sí ilé kan lábúlé yìí tí ìyá rẹ ò bá wọn rẹ́. Ta ló sọ fún ọ pé bí o bá pè wọ́n, wọn ò ní wá?" Ó kọjú sí àwọn yòókù. "Ẹ̀yin ẹlẹ́rìn-ín, ìkòkò omi yín dà?"

Ọ̀kánlàwọ́n ló kọ́kọ́ sáré lọ gbé tiẹ̀.

"Èmi ń lọ ilé," ni Oyèkàn wí. "Aṣọ mi ti pọ́n, àṣà sì ni àṣà. Bí ògiri yìí bá gbẹ, mo ní aṣọ funfun mìíràn. Ìbídùn, ó yá."

"Ẹ máa lọ, bàbá. Mò ń bọ̀." Ìbídùn da omi tó kù nínú akèrègbè sọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi rin ara ògiri.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi ẹnu lásán àti ojú ayé gbé nǹkan ńlá ró, tó ń sá fún iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe àti àwọn tó yẹ kó bá a ṣe é, wọ́n á ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, mi ò bù kún un, mi ò bù kúrò. Ẹ gbà mí gbọ́. Ìwọ tó o ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín yẹn, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí: gbà mí gbọ́ kíá!